Omi Lílọ́ Orí Òkè Àrẹ̀mọ

Ìkògòsì la ti fẹ́ lọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àǹtí Fọlágbadé fi ń ka owó ọkọ̀,
tó ká táwẹ́lì sínú báàgì, tó tú u, tó tún un ká.
Wọ́n ní omi kan ń sun jáde níbẹ̀ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́,
òmíràn tutù; wọ́n pàdé, wọn ò para wọn dà.
“Ibi tí wọ́n ti pàdé gan-an ni n ó gbé orúnkún mi sí,”
orúnkún tó fi kúnlẹ̀ gbẹ̀bí l’Ádéọ̀yọ́
fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,
tó wá ń ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

Àárọ̀ Sátidé, awakọ̀ pe fóònù:
ẹ́ńjìnnì ti kú sí Aṣẹ́jirẹ, ká má bínú.
A bínú.
Àǹtí jókòó lórí báàgì lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Yemẹtu,
ó ń wo òkè bí ẹni ń wo aládùúgbò tí kò kí i rí.
“Ṣé òkè kọ́ nìyẹn ni?”
Mo ní òkè ni.
“Kí la wá ń wá lọ sọ́nà jíjìn?”

Ọyẹ́ ọdún yẹn kọ̀, kò lọ bọ̀rọ̀.
Ìparí Fẹ́búárì, ètè ṣì ń bó,
eruku ṣì jókòó sórí ewé máńgòrò,
oòrùn ọ̀sán sì ń yan àpáta bí ẹni ń yan ẹ̀pà.
A gba ọ̀nà tóóró tí ewúrẹ́ là.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú; ó já a gbà,
ó ní òun ò tíì di ẹrù.
Ìgbà mẹ́fà la sinmi, ìgbà mẹ́fà ló ní
okùn bàtà òun ló tú.
Bàtà náà kò lókùn.

A dé ibi tí àpáta ti yọ gọ̀ngọ̀,
bí ìdí ìsáàsùn tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
ni ojú ọ̀run bá ṣú láti ìhà Ìwó.
Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé.
Ó ṣí gèlè lórí Àǹtí, ó gbé e lọ sí Bẹẹrẹ
láìbi ẹnikẹ́ni.
Lẹ́yìn náà, yìnyín:
róbótó róbótó, funfun bí ẹyin alángbá,
ó ń bọ́ sórí àpáta, ó ń ta padà sókè.
Páànù gbogbo ìlú figbe ta pọ̀,
láti Òkè Pádì dé Ìdí Arẹrẹ;
n kò gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ń pariwo.
Mo fi báàgì bo orí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.
Ó la ẹnu, ọ̀kan bọ́ sí i,
ó rún un wómúwómú.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá,
bí gbèsè tí olówó dédé foríjì.
Àpáta ń yọ èéfín.
Kòtò kan wà níbẹ̀, kò jìn ju ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ lọ:
ooru ọjọ́ gbogbo ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀,
òtútù ojú ọ̀run ń yọ́ lókè bí iyọ̀.
Àǹtí bọ́ bàtà tí kò lókùn,
ó ká ìró sókè,
ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀.
“Ó lọ́ nísàlẹ̀.” Ó dákẹ́.
“Ó tutù lókè.” Ó tún dákẹ́.
“Wọ́n pàdé.”

N kò sọ fún un pé omi òjò lásán ni,
pé kílẹ̀ tó mọ́ oòrùn á ti gbà á padà.
Àìsàn tèmi nìyẹn, kí n ṣáà máa ṣàlàyé.
Ó mọ̀.
Ẹni tó gbẹ̀bí tó bẹ́ẹ̀
mọ omi tí kì í pẹ́.

A sọ̀kalẹ̀, orúnkún ṣì ń ké,
táwẹ́lì rin gbingbin lọ́rùn rẹ̀.
Ọkùnrin kan tó ń gbá omi lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù
bi wá níbo la ti ń bọ̀.
“Ìrìn àjò,” ni Àǹtí wí, ó sì kọjá.
Gèlè yẹn, títí dòní, a ò rí i.