Odò Tó Bojú Wẹ̀yìn

Aago méje àárọ̀ la gbéra ní Fíníìsì,
àwa mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ kan, ike omi lẹ́sẹ̀ kálukú.
Délíbátì ló ń wakọ̀, òun náà ló ń ṣàlàyé:
"Ọrọ́ tó nàpá sókè yẹn,
ó tó àádọ́rin ọdún kó tó yọ apá àkọ́kọ́."
Mo wo ọwọ́ ara mi.

Yanrìn. Àpáta pupa. Yanrìn.
Ọ̀nà wá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ létí ọ̀gbun;
obìnrin ará Oháyò dijú, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta.
"Àwọn Apáṣì, àwọn èèyàn mi, ló fọ́ òkúta ọ̀nà yìí.
Bàbá bàbá mi wà níbẹ̀,"
Délíbátì ní, kò sì dẹwọ́ eré.

Ọ̀sán gangan la dé ìsédò.
Adágún ń dán bí ẹni tí kò jẹbi,
bẹ́ẹ̀ ìlú kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tòun ti ilé ọtí.

Nílé, a ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.
Èyí bojú wẹ̀yìn. Òkúta ló dì í lọ́rùn mú.
Mo bi í pé, orúkọ bàbá ńkọ́, ṣé ó wà lára ògiri?
Ó wo aago.
"Ogún ìṣẹ́jú péré la ní.
Ilé ìtọ̀ wà lápá ọ̀tún."