Ìka Mai-Raga

Àárọ̀ Jímọ̀, mò ń bá bàbá mi de bọ́tìnnì.
Ìka rẹ̀ kò gba ohun kékeré mọ́.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ọmọ tó fẹ́ ṣanwọ́,
mo sì tún ka àwọn ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àtàǹpàkò ọ̀tún: Gusau. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ mu kókósẹ̀,
àtàǹpàkò yẹ̀, wọ́n fà á padà, eré ń lọ.
Ìlábẹ̀: Katsina. Kò sí pátákó tí wọn ó fi dì í,
wọ́n gba rúlà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé kan nídìí ògiri;
títí dòní, ó ní, òun jẹ ọmọ náà ní rúlà.
Ìka àárín: Maiduguri,
láyé ìgbà tí bọ́ọ̀sì ṣì ń fi òru rin ọ̀nà yẹn,
tí àwọn èrò inú rẹ̀ sì ń sùn.
Ọmọńdinrín òsì, kì í sọ ti ìyẹn.
Màmá ló sọ ọ́: ilẹ̀kùn yàrá wa ló há a,
alẹ́ ọjọ́ tí iléeṣẹ́ aṣọ ní Kakuri kógbá sílé,
tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn sì bá a lọ.
Owó oṣù méje rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.
Ó kó bàtà rẹ̀ wálé nínú ọ̀rá,
ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà,
kò rántí yọ ọwọ́.

Aṣọ́lé. Ilé wo?
Òpó méjì, igi ìdábùú kan, àwọ̀n tó ti já níbi mẹ́rin.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣọ́ ilé tí kò lógiri,
onílé wa ní Tudun Wada sì lé wa síta lẹ́ẹ̀mejì.

Mai-Raga ni àwọn èrò ìwòran ń pè é, alá-wọ̀n,
bí ẹni pé apẹja ni.
Nígbà ọyẹ́ kan, eruku bo pápá, a kò rí òpó kejì,
wọ́n ní báwo lo ṣe mú bọ́ọ̀lù yẹn?
Ó ní òun kò rí i. Òun gbọ́ bàtà ẹni tó gbá a ni.
Ọjọ́ mìíràn sì wà, ọ̀sán gangan, oòrùn lẹ́yìn rẹ̀,
tí bọ́ọ̀lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé,
tí wọ́n sọ òkúta lu wíńdò bọ́ọ̀sì wọn dé ẹ̀yìn ìlú.

Nígbà tí wọ́n gba Zamani, ọmọ Zonkwa,
tí apá rẹ̀ gùn bí àkàbà, tí kò tíì pé ogún ọdún,
bàbá mi bọ́ sórí bẹ́ǹṣì.
Síbẹ̀ òun ló ń kọ́kọ́ dé pápá
pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì, tó ń bu omi wọ́n ẹnu ilé
kí orúnkún ọmọ ọlọ́mọ má baà bó.
Ẹnikẹ́ni kò rán an.

Pẹnáritì àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa dojú kọ,
ó wo bẹ́ǹṣì.
Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún, bí ẹni tí kòkòrò jẹ.
Zamani fò sósì.
Rédíò pariwo orúkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Lálẹ́ ọjọ́ náà bàbá mi jẹ túwó rẹ̀ tán,
ó fi ìlábẹ̀ tó wọ́ lá ìsàlẹ̀ àwo.

Ó ku bọ́tìnnì kan.
Ọmọ mi ju ọsàn láti inú yàrá,
mo ti na ọwọ́ kí n tó mọ̀.
Bàbá kò mira.
Ojú rẹ̀ nìkan ló sin ọsàn náà,
ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà,
ó bọ́ sáàárín àwọn adìyẹ lágbàlá.
“Fi í sílẹ̀,” ló wí, “ó ń jáde.”
Ó sì tún na ọwọ́ sí mi.