Àmì Mẹ́rin

Òjó Fálúyì mẹ́ta ló ń gba oògùn
nílé ìwòsàn wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì:
ọ̀kan ń gbin kòkó, ọ̀kan ń lọ sílé-ìwé,
ẹ̀kẹta, bàbá arúgbó, etí rẹ̀ ti di.
Bí nọ́ọ̀sì bá pe orúkọ, méjì á dìde,
wọn á fa ẹ̀kẹta dìde.

Wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí i.
Mo kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà:
àmì mẹ́rin péré fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan,
kó kúrú, kó ṣeé kọ sẹ́yìn ọwọ́.
Mo yọ òdo, ó jọ O jù.
Mo yọ oókan, ó jọ I.
Mo lé lẹ́tà méjèèjì tẹ̀lé wọn.
Ohun tó kù, bí a bá tò ó, lé ní mílíọ̀nù kan.

Ìyá Ọmọ́yẹni, tó ti ń tọ́jú káàdì kí wọ́n tó bí mi,
ní, “Ṣé ó máa ń wẹ̀yìn wò kó tó fún ẹlòmíràn?”
Mo ní, mílíọ̀nù kan, màmá!
Ó ní, “Hẹn-ẹn.”

Káàdì kò tíì pé ẹgbẹ̀fà
tí B7KR já mọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta lọ́wọ́,
B7KR tó ti wà lọ́wọ́ arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.
Oògùn arúgbó ti wà nínú ṣíbí
kí màmá tó kígbe.

Mi ò sùn.
Mo kọ́ ètò láti máa béèrè kó tó kọ.
Ó dára, oṣù méjì,
títí wọ́n fi ṣí fèrèsé kejì.
Bọ́sẹ̀ béèrè: ẹnìkan ní in? Rárá.
Dúpẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kan náà: ẹnìkan ní in? Rárá.
Àwọn méjèèjì kọ ọ́.
Òótọ́ ni ìdáhùn méjèèjì. Ìyẹn ló burú níbẹ̀.

“Ìlà kan, orúkọ kan,” ni màmá wí,
“bí tàdáwà bá ti wà lójú ìlà, ibo ni n ó kọ ọ́ sí?”

Báyìí, ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́nà.
A kì í bi í mọ́, a kàn ń kọ;
bí ẹnìkan bá ti jókòó síbẹ̀, á kọ̀ fún wa,
ètò á mú òmíràn wá, kò ní bínú.

Lánàá wọ́n bí Òjó Fálúyì kẹrin,
ìwọ́ yí i lọ́rùn.
Ìwé kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbà lẹ́ẹ̀kejì.
Màmá kọ àmì náà sẹ́yìn ọwọ́ ìyá ọmọ,
ó mú ìwé àtijọ́ rẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀,
ó ṣì tún wẹ̀yìn wò.