Yẹtí Bàbà ní Kálámà

Lórí tábìlì ìdáná, ní Kálámà létí aṣálẹ̀,
Nayaret tẹ́ páálí funfun,
ó gbé yẹtí bàbà kan lé e,
ó ta aṣọ pẹlẹbẹ sójú fèrèsé,
ó ń sẹ́ oòrùn bí ẹni ń sẹ́ ògì.

Ojú lásán kò rí nǹkan kan.
Kámẹ́rà ló tú àṣírí:
eruku rèé, ó wọ́n ká bí iyọ̀
lára ohun tó ti nù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè gbá a;
àtíkè bá eruku jókòó.
Ó fẹnu fẹ́ ẹ; itọ́ ta sí i.
Òjò kì í sáà rọ̀ níbí.
Ta ni yóò bá a pa eruku?

Evaristo, bàbá rẹ̀, ti ibi ìwakùsà dé,
eruku ọgbọ̀n ọdún ní èjìká.
“Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ má wọlé!”
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
bàtà lọ́wọ́,
ó di èémí mú
bó ti máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ fọ́ àpáta.

Nayaret tẹ kámẹ́rà. Ó wò ó. Ó mọ́.

“Ṣé mo lè mí báyìí?”

“Ó ku yẹtí kejì.”