Ẹni Tó Ń Fọ Jẹ́sì

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fọ jẹ́sì ẹgbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́,
tí mo ń sá a sórí àpáta lẹ́yìn gáà.
Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣojúsàájú.

Nígbà tí Ṣàbí gba owó Pàràkú, tó lọ,
wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni,
wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Èmi ló wá dágbére fún.
Ó ti fúnra rẹ̀ fọ jẹ́sì náà, ó ká a,
ó fi owó ọṣẹ oṣù méjì tí ẹgbẹ́ jẹ mí sáàárín rẹ̀.
N ò sọ fún ẹnì kankan.

Bíọ̀ ò lọ.
Kùtọnú pè é, ó kọ̀. Pàràkú pè é, ó rẹ́rìn-ín.
"Ọmọ wa ni! Kò tà wá!"
Àwọn onísẹ́mìjáàn a máa tẹ fèrè bó bá ń kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé kan ó gbé jẹ́sì rẹ̀ wá.
Ẹ̀jẹ̀ wà létí apá rẹ̀.
A ò gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ yẹn.
Ìyàwó rẹ̀ fi gèlè bo ojú kan,
ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun.

Mo rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀.
Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́.

Ẹ má bi mí pé ta ni ènìyàn nínú àwọn méjèèjì,
mo mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n ní Sátidé, nígbà tí Bíọ̀ gbá a wọlé,
tí nọ́ńbà méje rẹ̀ funfun báláú,
mo fò sókè, mo pariwo,
iyọ̀ sì ń ta mí lọ́wọ́.