Ẹ̀wù Yìnyín

Oṣù Keje ní Saskatoon, oòrùn mú bí ẹni tí a ṣẹ̀.
Mo ṣí fìríìsà: ẹja títù lápá òsì,
ẹ̀wù mi lápá ọ̀tún, ó le gbagidi.
Mo gbé e wọ̀ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì.
Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án sá fún òtútù
ló wá ń fi yìnyín ṣe aṣọ.

Lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń pè é, M àti S.
Bí ooru bá ti dé, á fa aṣọ bo ojú mi,
á sọ ẹsẹ̀ mi òsì di ti ẹlòmíràn.
Dókítà yà á sórí bébà:
wáyà inú ara, rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó.
Mo ní ó yé mi. Mo mọ wáyà tí eku jẹ.
Mo mọ iná tó ń ṣẹ́jú, tó ń lọ, tó ń bọ̀,
tí a kì í tìtorí rẹ̀ bínú sí gílóòbù.

Abẹ́rẹ́ wà, mo ń gbà á.
Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ò kọ́ mi bí mo ṣe máa dé ilé ìdáná.
Marlene Desjarlais ló kọ́ mi, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́,
aago méje àárọ̀.
Omi gbé mi bí arúgbó ṣe ń gbé ọmọ ọlọ́mọ:
rọra, láìbéèrè orúkọ bàbá.
Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó ní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé mẹ́fà.
Ọjọ́ Ẹtì, tí nǹkan yẹ kó tì,
mo gbé mọ́kànlá.

Èyí tó le jù ni oorun ọ̀sán.
Èmi, ọmọ oníbúrẹ́dì Ìgbájọ,
tí ìyá mi ń da omi sí lára bí ilẹ̀ bá mọ́ bá mi lórí ẹní!
Wọ́n ní kí n sinmi kó tó rẹ̀ mí.
Ta ló ń san gbèsè tí kò tíì jẹ?
Mo wá ń pín agbára bí owó oṣù:
ti ìwẹ̀ nìyí, ti àtẹ̀gùn nìyí,
ti irun Ìbídùn, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń yọ sọ́tọ̀.
Lánàá, ìka mi kú sára ìdì kejì.
Ó gba òòyà lọ́wọ́ mi, kò sọ nǹkan kan,
ó gbé orí ìdajì lọ gun kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè: ṣé ara ti dá?
Mo ní kò tíì dá.
A ti ń bára wa sọ̀rọ̀ ṣá, ara àti èmi.

Ẹ̀wù ti ń yọ́. Omi ń kán sí mi lẹ́yìn.
Ogójì ìṣẹ́jú ló kù kí n fi dé ṣọ́ọ̀bù, kí n fi padà.
Níbo ni mo gbé ọ̀pá mi sí?