Kàyé Kẹsàn-án

Kàyé mẹ́sàn-án ni bàbá mi fi sílẹ̀,
epo ṣéènì ní igun ewé kọ̀ọ̀kan.
Láléyè atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ẹ̀bá Àkàbà Ìdẹ̀nà ní Kétu:
lọ́sàn-án, ó ń lẹ táyà;
bí aago méje alẹ́ bá lù, ó nu ọwọ́,
ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí akọ̀wé kóòtù,
ó fa ìlà, ó kọ orúkọ, ó kọ iye.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Ta ló gba ìbéèrè mélòó, ta ló tètè tẹ agogo,
ta ló ṣubú lórí olú-ìlú Mòǹgólíà.
Olùkọ́ Àjàṣẹ́ kan lo alẹ́ márùndínlógójì
kí ọjọ́ ikú ọba Faransé kan tó lé e lọ sílé.
"Ogójì tó jẹ gbèsè márùn-ún," ni bàbá mi wí.
"Òǹkà tiwa kì í gbàgbé ohun tó kù."

Òun fúnra rẹ̀, ìwé kẹrin ló ti kúrò nílé ẹ̀kọ́.
Ṣùgbọ́n ó máa ń dáhùn kí agogo tó dún.
Kò kọ tirẹ̀ sílẹ̀ rí.

Àfi ìgbà tí Dẹlifíìnì Bíáù dé láti Sábẹ́,
agbẹ̀bí, obìnrin kúkúrú, ojú tútù.
Alẹ́ mọ́kànlélógójì! Ẹnikẹ́ni kò débẹ̀ rí.
Ará àdúgbò ń gbé àpótí wá jókòó,
oníbàárà gbàgbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí ìdúró.

Ní alẹ́ kejìlélógójì wọ́n bi í ní èdè Faransé:
igi wo ni à ń se èso rẹ̀, tí à ń bò ó,
tó ń rùn, tó ń mú ọbẹ̀ dùn?
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.
Ẹnu rẹ̀ sáré ju Faransé lọ:
"Igbá."
Atọ́kùn rẹ́rìn-ín. Agogo dún. Ó tán.
Igi ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀!

Bàbá mi dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n,
ó fi bíìkì pupa kọ ọ́: méjìlélógójì.
"Nínú ilé yìí, ó gbà á."

Ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí ló kú.
Lánàá, ọmọkùnrin Kútọnu kan
pé alẹ́ méjìlélógójì gééré.
Wọ́n da bébà wẹ́wẹ́ lé e lórí,
wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí rí.

Irú ni wọ́n wí.

Mo ṣí kàyé kẹsàn-án, mo wá bíìkì.
Kò sí pupa nílé. Mo fi dúdú kọ ọ́
sábẹ́ orúkọ obìnrin Sábẹ́,
ọwọ́ mi ò gún tó ti bàbá mi:
ọ̀mì.